Ọmọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: ta ni yóò fún un láṣẹ?

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Kàbà ní oṣù Kejì, ó ní: “Ọmọbìnrin mi wà ní Amẹ́ríkà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì nínú ìlera aráàlú. Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀, vísà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ni ó sì fi wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tí yóò gboyè láìṣe ìkọ́ṣẹ́ wákàtí 240 níbi iṣẹ́ gidi. Àjọ kan tí ń rí sí ìlera àwọn aboyún ti gbà á, wọn kò ní san kọ́bọ̀ fún un, wọ́n sì fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó máa lọ. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní kí ó má tíì lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ṣe IT tirẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, ní nígbà tí kì í ṣe iṣẹ́ olówó, tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di dandan, ìwé wo ni wọ́n tún ń wá? Ta ni kí á gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Owó kajú ni mo fi rán an lọ, n kò fẹ́ kí ó ṣàṣìṣe.”

Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ. Mo mọ ohun tí ó ń ná ìyá tí ń ta kajú ní agbègbè wa kí ó tó rí ọmọ rán lọ sí òkè òkun, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn kí n tó dáhùn. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí ọmọ yín bá wọ ibi iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ajé láìgba ìwé tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, olùkọ́ tí ó ní kí ó máa lọ kò ní lè gbà á sílẹ̀, àjọ tí ó fẹ́ ẹ kò ní lè gbà á sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sọ ìkọ́ṣẹ́ di dandan kò sì ní lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé nílé ṣe mọ̀ ọ́n. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀ láti rí sí ìkọ́ṣẹ́, ọdún 1973 ni ètò SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń pè ní IT, bẹ̀rẹ̀, a sì ti mọ̀ ọ́n pẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ politẹ́kíníìkì ń lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu IT, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lo oṣù mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ a gba létà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, a máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn ní Lọ́kọ́jà tàbí ní Àbújá títí ẹnì kan yóò fi gbà á, a sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tí ń bi í bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, nítorí ọmọ onílẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ létà kankan. Létà yẹn kàn ń fi í han ẹni tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ni.

Àlejò ni ọmọ yín níbi tí ó wà. Vísà F-1 gbà á láyè láti kàwé. Iṣẹ́ tí ó bá ti jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nínú àyè yẹn, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, títí kan àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà fúnra wọn, tí wọ́n mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni dájú ṣùgbọ́n tí òfin àlejò kò yé wọn: wọ́n rò pé bí ìkọ́ṣẹ́ bá ti jẹ́ dandan, àṣẹ rẹ̀ ti wà nínú dandan náà. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin wí ni pé nítorí ìkọ́ṣẹ́ náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè fún àṣẹ, wọ́n sì lè fún un. Láàárín kí ó béèrè àti kí wọ́n fún un, ilé ni kí ó jókòó sí.

CPT ni wọ́n ń pe àṣẹ náà. Ó wà nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8 CFR 214.2, kò sì nílò kí ọmọ yín kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní san owó kankan fún ìjọba nítorí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ìjọba fún ní agbára yìí, tí wọ́n ń pè ní DSO. Òun ni yóò wo létà tí àjọ náà kọ, tí yóò wo ìwé tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi jẹ́rìí pé ìkọ́ṣẹ́ náà jẹ́ ara ètò oyè, tí yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú SEVIS, ìyẹn ìwé ńlá orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń tọ́jú orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, tí yóò sì tẹ fọ́ọ̀mù I-20 tuntun jáde, ìyẹn ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni. Ní ojú ewé kejì I-20 tuntun yìí ni àṣẹ wà: orúkọ ibi iṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó parí, àti bóyá iṣẹ́ ọjọ́ kíkún ni tàbí èyí tí kò ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ohun tí kò bá sí lójú ewé yẹn, wọn kò fún un.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú àwọn tí n kò lè gbàgbé sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, láti ìhà Yàgbà. Ó ti kọ ìwé tí ó yẹ, DSO ti ń ṣe é lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n fi ń mú àwọn tuntun mọ ilé kì í ṣe iṣẹ́, kí ó wá jókòó kí ó máa gbọ́. Ó lọ. Àṣẹ jáde ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìwé owó oṣù rẹ̀ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ hàn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe mọ́. Wọ́n ti orúkọ rẹ̀ pa nínú SEVIS, kò sì rí ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa láti fi palẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ipò rẹ̀ bàjẹ́ lè gbà bẹ ìjọba kí wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yọ ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ sílẹ̀ pátápátá kúrò nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èké. Ẹni tí ó gbọ́ràn sí ọ̀gá ni. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, bí àjọ náà bá pe ọmọ yín pé kí ó kàn wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tàbí pé kí ó dara pọ̀ mọ́ ìpàdé wọn lórí Zoom kí ọjọ́ tó pé, kí ó fi ọ̀wọ̀ kọ̀. Àṣẹ yìí kan iṣẹ́ tí a ń ti yàrá ẹni ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bákan náà.

Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè nípa owó, ìbéèrè náà sì bọ́gbọ́n mu. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní àjọ aláàánú, bí ẹni tí ó lọ pín oúnjẹ fún aláìní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò nílò CPT. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ ṣe yìí ni yóò fi gba máàkì, òun ni yóò fi gboyè, ọ̀gá kan yóò sì máa bu iṣẹ́ fún un bí ó ṣe ń bu ú fún òṣìṣẹ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ níṣojú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àjọ tí ó ní òun kò ní sanwó pa ọkàn dà ní àárín kan, tí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ọkọ̀ tàbí ẹ̀bùn owó nígbà tí ó rí i pé ó múra síṣẹ́. Bí CPT bá ti wà, ẹ̀bùn ni. Bí kò bá sí, ìyọnu dé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ pé gbogbo ìkọ́ṣẹ́ tí ó jẹ́ dandan, olówó tàbí aláìlówó, CPT ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà fún un, mo sì fara mọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ti sọ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ó dúró.

Ní báyìí mo ní láti sọ ohun tí ó lè má dùn mọ́ yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ́fíìsì náà máà kàn máa dúró de ìwé lásán. Òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko kàwé ní kíkún kí ó tó lè gba CPT. Ọdún ẹ̀kọ́ kì í ṣe oṣù méjìlá. Sáà méjì tí ó tẹ̀ léra ni, bí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tí ó sì parí ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún. Oṣù Kejì ni a wà. Sáà kan ni ọmọ yín parí, ó wà nínú ìkejì. Ìyàsọ́tọ̀ kan wà fún àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn bí ètò ẹ̀kọ́ wọn bá pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “láti ìbẹ̀rẹ̀” ni kí ẹ kíyè sí. CEPH, àjọ tí ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlera aráàlú ní Amẹ́ríkà, béèrè pé kí gbogbo ẹni tí ń gba oyè MPH, ìyẹn oyè kejì nínú ìlera aráàlú, lo ìmọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́ gidi kí ó tó jáde, nítorí náà kò ní ṣòro fún ọmọ yín láti fi hàn pé dandan ni. Ṣùgbọ́n pé kí a ṣe é kí a tó jáde yàtọ̀ sí pé kí a ṣe é láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, yóò dúró di ìgbà tí sáà kejì bá parí, kí ó ṣe é nínú ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ìdúró oṣù mẹ́ta nìyẹn, àjọ náà sì lè sọ pé àwọn kò lè dúró. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí àyè náà lọ. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọmọ tí ó ti kọ̀wé sí ibi púpọ̀ kí ẹnì kan tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ibi ìkọ́ṣẹ́ tún ń yọ lẹ́yìn èyí, ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lórí wákàtí 240, ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí ó bá ń ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni. Bí ó bá ń ṣe 40 nígbà ìsinmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ọ̀nà méjèèjì kò léwu fún ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nísinsìnyí: lẹ́yìn tí ó bá gboyè, ó lè béèrè fún àṣẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní OPT, tí yóò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ olówó fún oṣù 12 nínú iṣẹ́ tí ó kọ́, àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí ìjọba kọ sílẹ̀ lè fi oṣù 24 kún un. Ẹni tí ó bá ti lo oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí CPT ọjọ́ kíkún pàdánù OPT ní ìpele oyè yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò súnmọ́ ọn rárá, èyí tí kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ kì í sì í sí nínú ìṣirò náà. Kí ó ṣáà rí i dájú pé wọ́n kọ “part-time” sí I-20 bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó fẹ́ ṣe nìyẹn, kí ó má sì ṣe wákàtí 21.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá nípa ohun kan, nítorí bí ìdílé bá ti ń kánjú ni àwọn alágbàtà ń yọjú. Wọ́n á ní kí ọmọ fi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ sí òmíràn tí ó ń fúnni ní CPT láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gidi wà tí ètò wọn rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tí mo sọ lókè, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ń tà, tí ẹ̀kọ́ jẹ́ orúkọ lásán, ìjọba sì mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ó hàn pé University of Farmington ní ìpínlẹ̀ Michigan kò ní kíláàsì kankan, kò ní olùkọ́ kankan. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ láti fi dẹkùn mú àwọn tí ń san owó fún ipò akẹ́kọ̀ọ́ láìkàwé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ Íńdíà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n mú ọ̀pọ̀, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà sílé. Àwọn kan nínú wọn sọ pé àwọn gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni. Èyí kò gbà wọ́n. Bí alágbàtà kankan bá dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ nínú owó kajú yín.

Owó kan wà tí yóò yọ, mo sì fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. CPT kò náni lówó lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀sì, pẹ̀lú yúníìtì tirẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe é nígbà ìsinmi, ó lè jẹ́ owó ọ̀tọ̀ sí èyí tí ẹ ti san. Kí ó béèrè iye rẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má bàá jẹ́ òru ọjọ́ tí ó kù ọ̀la ni yóò pè yín.

Bí iṣẹ́ náà bá di olówó, yóò nílò nọ́ńbà Social Security, èyí tí ìjọba fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ ẹni. Wọn kì í gba ìwé rẹ̀ bí ọjọ́ iṣẹ́ bá ṣì ju 30 ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó wà lórí I-20 nígbà tí ó ṣì ń retí nọ́ńbà náà. Ibi iṣẹ́ yóò ní kí ó kọ fọ́ọ̀mù I-9, èyí tí wọ́n fi ń rí i dájú pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀, ìwé ìwọlé I-94 àti I-20 tí ó ní CPT ni yóò fi hàn wọ́n.

Àwọn ará ilé wa tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sọ fún yín pé ọmọ tiwọn kò gba ìwé kankan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, fún ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, vísà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gba ìkọ́ṣẹ́ mọ́ra bí ó bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ní máàkì, tí kò sì ju ìdajì àkókò ẹ̀kọ́ oyè lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì fi tó ìjọba létí. Ní Kánádà, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní co-op ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti Lọ́ńdọ̀nù ka ti Amẹ́ríkà fún yín.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí kò fi lè wá ṣe wákàtí 240 yìí nílé, ní ilé-ìwòsàn kan ní Kàbà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí aboyún kò ti wọ́n. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí a bá sì ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà kò nílò CPT. Ọkàn mi ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n sọ vísà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín oṣù mẹ́ta, nígbà tí ó sì di oṣù Kìíní ọdún 2026, ìjọba Amẹ́ríkà dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní vísà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Pé ọjọ́ vísà rẹ̀ ti kọjá kò ba ipò rẹ̀ jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀ tí ó sì ń kàwé, nítorí ilẹ̀kùn ìwọlé ni vísà ń ṣí. Bí ó bá jáde, vísà tuntun ni yóò tún wá wá ní Àbújá tàbí ní Èkó, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò rí i gbà. Kí ó jókòó síbẹ̀ títí yóò fi gboyè.

Ẹ pè é ní alẹ́ òní. Kí ó lọ bá DSO rẹ̀ lọ́la, kí ó béèrè ohun méjì péré: ọjọ́ wo ni òun lè gba CPT, àti bóyá ìwé ètò ẹ̀kọ́ òun wà lábẹ́ ìyàsọ́tọ̀ yẹn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dáhùn. Lẹ́yìn náà kí ó kọ̀wé sí àjọ náà kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ó sì sọ fún wọn pé: “Mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ yìí gidigidi. Òfin kò tíì gbà mí láyè láti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ mi sọ ni èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ létà tuntun fún mi tí yóò ní ọjọ́ yẹn, iye wákàtí lọ́sẹ̀ àti àdírẹ́sì yín nínú, n ó sì mú I-20 mi wá fi hàn yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀.”